Bí A Ṣe Ń Dá Ọ̀dọ́ Agbábọ́ọ̀lù Mọ̀ Nínú Ẹgbẹ́ Tó Ń Fìdí Rẹmi: Sunshine Stars ti Àkúrẹ́

Nígbà tí sáà 2024/2025 parí, Sunshine Stars wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tó já kúrò nínú líìgì àgbà Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú CAF Champions League lọ́dún 2012: wọ́n ta ọ̀mì 3-3 pẹ̀lú Al Ahly ní Ìjẹ̀bú-Òde kí wọ́n tó pàdánù 1-0 ní Íjíbítì. Lọ́dún 2013, Godfrey Oboabona, tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, gba ife Áfíríkà pẹ̀lú Super Eagles nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ Sunshine. Àkúrẹ́ ò ṣàìní ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí ẹgbẹ́ bá ń jìyà, àṣìṣe ẹnì kan á máa wà lọ́rùn ẹlòmíì, ọmọ tó dáa á sì bá wọn gba èébú.

Tí ẹ bá ń lọ sí pápá, ẹ mú ìwé kékeré, bíírò méjì àti aago. Ẹ má jókòó sẹ́yìn gólì. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni kẹ́ ẹ wà, lókè, ní déédéé ìlà àárín, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí àlàfo tó wà láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ọmọ méjì péré ni kẹ́ ẹ mú lójọ́ kan, ọ̀kan fún abala àkọ́kọ́, ìkejì fún abala kejì. Ẹni tó bá ní mọ́kànlá lòun fẹ́ wò, kò ní rí ẹnì kankan.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù. Èyí ló nira jù. Ká ní ọmọ àárín pápá lẹ mú. Ẹlẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ta bọ́ọ̀lù sí i. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni yẹn, ṣé ọmọ yìí yí ọrùn wẹ̀yìn? Ẹ kà á: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, àbí rárá. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀, ilẹ̀ ò tẹ́jú, ó ta dé orúnkún. Ọmọ tó ti wẹ̀yìn á fi inú ẹsẹ̀ rọ̀ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò séèyàn, ojú ẹ̀ á sì ti wà níwájú. Èyí tí kò wẹ̀yìn á fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù pa, alátakò á já lù ú látẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù lọ. Àwọn èrò á ní ọmọ náà ò lágbára, bẹ́ẹ̀ ọrùn tí kò yí ló kó bá a. Ìyẹn ṣeé kọ́ láàárín oṣù mélòó kan, tí kóòṣì bá rí i.

Tó bá ti pàdánù bọ́ọ̀lù, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ṣé ó sáré padà, àbí ó gbọ́wọ́ sókè sí rẹfirí? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkigbà tó bá ṣẹlẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ tí alátakò ti fi 2-0 ṣáájú, ìlà yìí nìkan tó láti fi ya ọmọ méjì sọ́tọ̀.

Tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé wa, ẹni tó sún mọ́ gólì jù làwọn èèyàn máa ń bú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn nínú ọkàn yín, ìgbá mẹ́ta sí mẹ́rin: ta ló pàdánù bọ́ọ̀lù ní àkọ́kọ́? Ta ló fi ipò rẹ̀ sílẹ̀? Orúkọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ síwájú, kí ti ẹlẹ́yìn tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn eré mẹ́rin, ẹ ó rí i pé orúkọ kan náà ló ń yọjú lápá òsì, àti pé ọmọ ẹ̀yìn tí wọ́n ń hó lé lórí ń gbá bọ́ọ̀lù ẹni méjì.

Iye gólì nìkan ò tó láti fi dájọ́ ọmọ iwájú. Líìgì eré 38 jẹ́ 3,420 ìṣẹ́jú. Ẹ ka èyí tó lò lórí pápá gan-an. Ọmọ tó jẹ gólì mẹ́rin nínú 720 ìṣẹ́jú ń jẹ ọ̀kan ní eré méjì-méjì. Ẹni tó jẹ méje nínú 2,520 ń lo eré mẹ́rin kó tó jẹ ọ̀kan, síbẹ̀ òun ni rédíò á máa dárúkọ. Ẹ yọ pẹ́nárítì kúrò kẹ́ ẹ tó pín in.

Ti aṣọ́lé rọrùn, torí ẹgbẹ́ tó ń jìyà máa ń fún un níṣẹ́. Ẹ ka bọ́ọ̀lù tó dojú kọ ilé àti èyí tó wọlé. Tí 18 bá wá tí mẹ́fà wọlé, ó mú ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Àwọn àgbà ní ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èyí tó kàn ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé títi èèyàn ṣubú ló fi ń gba bọ́ọ̀lù, ẹ dúró dìgbà tó bá pàdé ẹni tó tóbi bíi tiẹ̀. Tí kò bá ní nǹkan míì lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, ara ló ní, kò ní bọ́ọ̀lù.

Ohun kan wà tí àwa alátìlẹyìn kì í béèrè, ó sì dùn wá gan-an: ìwé. Tí ẹgbẹ́ òkè òkun bá ra agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ ò tíì parí, FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọdún 12 dé 23. Sáà kọ̀ọ̀kan láti 12 dé 15 gba ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún owó rírà náà, láti 16 dé 23 gba ìdá 0.5. Ọmọ tó lo ọdún 16 dé 19 ní Àkúrẹ́, tí wọ́n wá rà ní mílíọ̀nù kan yúrò, yẹ kó mú 20,000 yúrò wálé. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún tó dé, ọdún yẹn ò sí lórí ìwé. Tí wọ́n bá sì jẹ́ kí àdéhùn parí mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sí owó rírà tí wọ́n máa yọ ìdá kankan nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí aṣojú ẹgbẹ́, kẹ́ ẹ tó béèrè ta ni wọ́n fẹ́ rà, ẹ béèrè ọdún mélòó ló kù nínú àdéhùn àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀.

Eré márùn-ún ló kéré jù kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ lórí ọmọ kan, kí méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìrìn àjò, níbi tí èrò ti ń hó lé e lórí. Ẹ fi ìwé yín wé ti ẹni tó jókòó lápá kejì pápá. Ibi tí ẹ ò bá ti fẹnu kò, ọmọ yẹn lẹ máa wò nínú eré tó ń bọ̀.