Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ẹ̀bùn Ẹ̀mí Yín, Kí Ẹ sì Lò Ó Nínú Ìjọ

Ẹnu iṣẹ́ ni a ti ń mọ ẹ̀bùn ẹ̀mí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ méje, wọ́n ń retí àlá, tàbí wòlíì tí yóò pè wọ́n jáde láàrin èrò kó ní, "Báyìí ni Olúwa wí, ẹ̀bùn kan wà lára rẹ." Ààwẹ̀ kò burú, àlá náà kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì kọ́ ọmọdé kan ní ẹsẹ Bíbélì kan rí, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá olùkọ́ ni òun?

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé. Ẹ mú Bíbélì, ìwé àkọsílẹ̀ kan àti báírò, kí ẹ ka Róòmù 12:3-8, Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní orí 12 títí dé 14, Éfésù 4:7-16, àti Pétérù Kìn-ín-ní 4:10-11. Ẹ má kà wọ́n tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pọ̀ jù. Bí ẹ bá ti dé orí ẹ̀bùn kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ẹ mọ̀ tó ń ṣe é nínú ìjọ yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbi tí ẹ kò bá ti rí orúkọ kọ, ẹ fi ààyè sílẹ̀. Irú ààyè bẹ́ẹ̀ a máa sọ ohun púpọ̀ fún ènìyàn nípa ohun tí ìjọ rẹ̀ ń fẹ́.

Ẹ ó rí i pé méje ni Róòmù kà: ìsọtẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ìránṣẹ́, kíkọ́ni, gbígbani níyànjú, fífi fúnni, ṣíṣe olórí àti ṣíṣàánú. Mẹ́sàn-án ni Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní 12:8-10 kà: ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ọ̀rọ̀ ìmọ̀, ìgbàgbọ́, ìmúláradá, iṣẹ́ ìyanu, ìsọtẹ́lẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀mí yàtọ̀, onírúurú èdè àti ìtumọ̀ èdè. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù fi máa dé ẹsẹ 28 nínú orí kan náà, ó ti fi ìrànlọ́wọ́ àti ìṣàkóso kún un. Éfésù kò ka agbára, ènìyàn ló kà: àpọ́sítélì, wòlíì, ajíhìnrere, olùṣọ́-àgùntàn, olùkọ́. Pétérù ní tirẹ̀ pín gbogbo rẹ̀ sí méjì péré, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń ṣe ìránṣẹ́. Kò sí ibi méjì tí wọ́n ti to ẹ̀bùn bákan náà, nítorí náà ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí bóyá mẹ́sàn-án ni tàbí mọ́kànlélógún. Ọ̀pọ̀ kíláàsì onígbàgbọ́ tuntun kì í kọ́ni ju mẹ́sàn-án ti Kọ́ríńtì lọ, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tí kò fọ èdè, tí kò ríran, fi ń rò pé òun kò gba nǹkan kan.

Ohun mẹ́ta ni a máa ń ṣì mú fún ẹ̀bùn ẹ̀mí. Èkíní ni èso Ẹ̀mí, tó wà nínú Gálátíà 5:22-23. Ìfẹ́, sùúrù, ìwà pẹ̀lẹ́, gbogbo Kristẹni ni a ń retí rẹ̀ lára wọn. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé sùúrù kì í ṣe ẹ̀bùn tòun. Èkejì ni ẹ̀bùn àbínibí, bí ohùn dídùn tàbí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ọnà. Ìyẹn náà lè di ohun èlò Ọlọ́run, bí Ẹ́kísódù 31 ti sọ pé Ọlọ́run fi Ẹ̀mí kún Bésálẹ́lì fún iṣẹ́ wúrà, fàdákà àti igi gbígbẹ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn ni orin rẹ̀ ń gbé ìjọ ró. Ẹ̀kẹta ni oyè ìjọ, a ò sì ní fi ọ̀rọ̀ bo èyí, torí àwa ará Èkìtì fẹ́ràn oyè. Ènìyàn lè jẹ Ìyá Ìjọ kó má ní ẹ̀bùn ìṣàkóso rárá, kó sì jẹ́ pé ìyá kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò fi jẹ nǹkan kan, ló mọ iye iṣu tí yóò tó gún fún igba àlejò lọ́jọ́ ìkórè, tó mọ ẹni tí yóò gún un, àti aago tí iná gbọ́dọ̀ ti jó.

Lẹ́yìn kíkà, ẹ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ yan iṣẹ́ méjì nínú ìjọ, ọ̀kan tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ọ̀kan tó jẹ mọ́ ìránṣẹ́, kí ẹ ṣe é fún oṣù mẹ́ta gbáko. Kíkọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lè jẹ́ ọ̀kan, kí bíbẹ aláìsàn wò jẹ́ èkejì. Oṣù kan kéré, torí inú gbogbo ènìyàn ló máa ń dùn sí iṣẹ́ tuntun. Ọdún kan pọ̀ jù fún ẹni tí iṣẹ́ náà kò bá lára mu. Bí ilé yín bá jẹ́ ilé ọlọ́jà, ẹ ka ọjọ́ ọjà ìlú yín kí ẹ tó gba iṣẹ́ ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀, kí ẹ má baà máa pa á jẹ. Ẹ̀yin olórí ìjọ ní Adó, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kún ìjọ yín, ẹ má ṣe kó kíláàsì kan lé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan lọ́wọ́. Ẹ fi ẹni tó ń gbé ìlú tì í, torí bí ilé-ìwé bá ti pa dé, kíláàsì náà yóò pa dé.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìlà mẹ́ta péré sínú ìwé yẹn: ohun tí ẹ ṣe, ẹni tó ṣe láǹfààní, àti bí ara yín ti rí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú èyí tó kẹ́yìn. Iṣẹ́ tó jẹ́ ẹ̀bùn yín lè rẹ̀ yín tẹnutẹnu, ṣùgbọ́n ẹ ó tún fẹ́ ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ó bá ń dùn mọ́ ẹ̀yin nìkan, tí ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan mú lọ sílé níbẹ̀, ìfẹ́ ọkàn yín ni, kò tíì di ẹ̀bùn. Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní 12:7 ti sọ ọ́ pé nítorí èrè gbogbo ènìyàn ni a ṣe ń fi í fúnni.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, ẹ lọ bá ènìyàn mẹ́ta: alàgbà tàbí pásítọ̀ yín, ẹnì kan nínú àwọn tí ẹ ṣiṣẹ́ fún, àti ẹnì kan tí ẹ jọ ń gbé ilé kan náà. Ẹ má bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ rí ẹ̀bùn yìí lára mi?" Ọmọlúàbí ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ní kí ìtìjú má baà bá yín. Ẹ bèèrè pé, "Ìgbà wo ni ohun tí mo ń ṣe ràn yín lọ́wọ́ gan-an? Kí ló yẹ kí n dín kù?" Ẹni tí kò bá rí ìgbà kan pàtó tọ́ka sí ti dá yín lóhùn. Ẹni inú ilé ṣe pàtàkì, torí òun ló mọ̀ bóyá ẹni tó ń gba àwọn ará níyànjú ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹni tó ń fi ẹnu gún ìyàwó rẹ̀ nílé.

Ìsọtẹ́lẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, nítorí náà a ó pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ríran tàbí tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, kó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, kó sì ya ohun tó rí sọ́tọ̀ kúrò lára ìtumọ̀ tó fún un. Bí ẹ bá rí odò, odò ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ ikú. Ikú jẹ́ ìtumọ̀ tiyín, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe sì ti máa ń wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹsẹ 3 nínú Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní orí 14 wọ̀n ọ́n: ṣé ó ń múni dúró, ṣé ó ń gbani níyànjú, ṣé ó ń tuni nínú? Ìbáwí lè wà nínú rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó kàn ń dẹ́rù bani lásán kò kọjá níbẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá àwọn àgbà ìjọ kí ẹ tó gba máìkì. Pọ́ọ̀lù ní kí wòlíì méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù sì ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ìjọ tí wòlíì mẹ́wàá ti ń dìde ní ìṣọ́ òru kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣe ìdájọ́, ti kọjá ohun tí ìwé sọ. Ẹni tó bá sì ní ẹ̀mí ló gbé òun, òun kò lè dúró, kí ẹ fi ẹsẹ 32 hàn án: ẹ̀mí àwọn wòlíì a máa tẹríba fún àwọn wòlíì.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a ò gbọdọ̀ gbé síta rárá: ẹni tí lágbájá yóò fẹ́, ẹni tí yóò wọlé bí ìdìbò gómìnà bá ti ń sún mọ́, àti ẹni tó ń ṣe àjẹ́ nínú ẹbí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ti lé ìyá arúgbó kúrò nílé ọmọ bíbí inú rẹ̀. Abala 210 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà pàápàá ka fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ní orúkọ Olúwa kò bá ṣẹ, ẹ má wá àwáwí. Diutarónómì orí 18, ẹsẹ 22, ló kàn yín. Ẹ padà síwájú ìjọ kan náà, kí ẹ sọ pé ẹ ṣì í gbọ́, kí ẹ sì dákẹ́ fún sáà kan lábẹ́ ìtọ́ni àgbà.

Ìmúláradá tẹ̀ lé e. Jákọ́bù 5:14 ní kí aláìsàn ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ìjọ, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n fi òróró yàn án. Ẹ kíyè sí i pé àgbà tó ju ọ̀kan lọ ni. Ẹ má lọ ní ẹ̀yin nìkan, pàápàá bí aláìsàn bá jẹ́ obìnrin tó ń dá gbé. Ẹ gbàdúrà tí kò gùn, kí ẹ bèèrè bí ara ti rí, kí ẹ sì tún gbàdúrà bí ó bá yẹ. Ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà mọ́. Ẹni tó bá gbà pé òun ti rí ìwòsàn, kó padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Jésù náà ní kí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá lọ fi ara wọn han àlùfáà, Lúùkù 17:14. Àríyànjiyàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kuiníìnì, oògùn ibà, tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere ń lò wà lára ohun tó fa ìyapa láàrin ìjọ Apostolic àti àwọn tó di CAC (Christ Apostolic Church), ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1930.

Ẹni tó ń fẹ́ irú ẹ̀bùn tó wà lára Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì CAC, tí wọ́n sin sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní 1959, kó wo ètò ayé rẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún 1928 ni ó gbọ́ ìpè, nígbà tó ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ títì. Ìsọjí Òkè-Òoyè ní Iléṣà kò bẹ̀rẹ̀ àfi ní 1930. Láàrin ìgbà yẹn ó wọ ìjọ Faith Tabernacle, wọ́n rì í bọmi, ó sì wà lábẹ́ àwọn àgbà.

Fún fífọ èdè ní gbangba, òfin rẹ̀ kúrú: ẹni méjì, bí ó pọ̀ tán mẹ́ta, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan sì túmọ̀. Bí kò bá sí olùtumọ̀, kí olúwarẹ̀ máa bá Ọlọ́run sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́.

Àwọn tó ní ẹ̀bùn àánú kì í sábà mọ̀ pé wọ́n ní i, torí kò ní ariwo. Bí ẹ bá ń lọ bẹ aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn Adó tàbí ti Ìdó, ẹ lọ ní wákàtí ìbẹ̀wò, ẹni méjì ti tó, ogún ìṣẹ́jú sì ti tó. Ẹ má bèèrè ohun tó fa àìsàn, ẹ má sọ ìtàn ẹni tó ní irú rẹ̀ tó kú. Ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bóyá ó ti jẹun. Òun gan-an ni wọ́n máa ń gbàgbé. Àdúrà yín kò gbọ́dọ̀ jí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Róòmù ní kí ẹni tó ń ṣàánú máa fi inú dídùn ṣe é, nítorí náà lọ́jọ́ tí inú yín kò bá dùn, ẹ rán ẹlòmíràn.

Ní ti fífi fúnni, ìwé ní kí a fi inú kan ṣe é. Pípe orúkọ àti iye owó jáde lọ́jọ́ ìkórè ń ba ẹ̀bùn yìí jẹ́ lọ́nà méjì: olówó ń fi í ra ìyìn, tálákà sì ń yáwó kó má baà tẹ́. Àpò ìwé tí kò ní orúkọ, kí ẹni méjì jọ kà á, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé, ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ń gba owó kó tó gbàdúrà fún ènìyàn, kó ka ohun tí Pétérù sọ fún Símónì ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8:20.

Olùkọ́ tí kò ní ìmọ̀ tó, ẹ má dójú tì í láàrin kíláàsì. Àkúílà àti Prìsílà mú Àpólò sọ́dọ̀ ni, wọ́n sì là á yé e dáadáa. Kí olùkọ́ mú ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo, kó kọ́ni fún ogójì ìṣẹ́jú, kó fi mẹ́wàá sílẹ̀ fún ìbéèrè, kó sì fi èdè ìlú ṣàlàyé fún àwọn ìyá àgbà.

Ẹ̀bùn a máa rẹ̀yìn bí a kò bá lò ó. Ìdí nìyí tí Pọ́ọ̀lù fi ní kí Tímótì máa rú u sókè. Bí ti yín bá ti rẹ̀yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kéré jù: aláìsàn kan, ọmọdé mẹ́ta, lẹ́tà kan sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìsọjí.

Kí ẹ tó pé ọdún méjì lórí iṣẹ́ kan, ẹ wá ẹni méjì tí ẹ ó kọ́. Oṣù àkọ́kọ́, kí wọ́n máa wo yín. Oṣù kejì, kí wọ́n ṣe é lójú yín, kí ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn. Oṣù kẹta, ẹ jókòó sẹ́yìn, kí àwọn tó ní ìbéèrè lọ bá wọn. Ìwé orúkọ, kọ́kọ́rọ́ yàrá àti àkọsílẹ̀ owó ni kí ẹ fi lé wọn lọ́wọ́ kẹ́yìn, níṣojú alàgbà kan.