Bí mo ṣe ra wáyà fáíbà onírin tí eku ò lè gé

Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rin ni eku gé fáíbà wa, wáyà onídígí tó ń fi iná gbé nẹ́tíwọ̀kì. Ilé alájà mẹ́ta ni ọ́fíìsì tí mo ń bójú tó nẹ́tíwọ̀kì ẹ̀ n'Íbàdàn, yàrá sáfà (ibi tí kọ̀ǹpútà ńlá wa wà) wà nísàlẹ̀, àwọn tó ń lò ó jù sì wà lókè pátápátá, inú àjà ni wáyà gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, àárọ̀ Mọ́ńdè ni, àwọn akáùǹtì fẹ́ san owó oṣù, gbogbo ẹ̀ dúró gbọin. Mo gun àkàbà, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo rí ibi tó ti jẹ ẹ́: rọ́bà ẹ̀ ti ṣí, òwú yẹ́lò tó wà nínú ẹ̀ tú síta bí irun àgbàdo, dígí tó wà láàárín sì ti kán.

Mo bá lọ bá ọ̀gá, mo ní ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká tún ra irú eléyìí mọ́. Wọ́n ní kí n lọ wá èyí tó máa pẹ́ kí n wá kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn.

Fáíbà onírin ni mo lọ wá, èyí tí wọ́n ń pè ní armored. Irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí kì í dípẹtà ni wọ́n wé yípo bíi sípírìngì inú báírò, àwọn fáíbà wà nínú ihò ẹ̀, rọ́bà wá bò ó lókè. Ó ṣì ń tẹ̀ lọ́wọ́ dáadáa o, àmọ́ téèyàn bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, irin yẹn ló máa gbà á sára, eyín eku náà, orí irin ló máa bá ara ẹ̀.

Kí n tó pe ẹnikẹ́ni, mo kọ́kọ́ yọ SFP, kinní kékeré tí wọ́n ń tì bọ switch (ẹ̀rọ tó ń pín nẹ́tíwọ̀kì) lẹ́nu, mo ka ara ẹ̀: 10G (bó ṣe ń yára tó), LR (irú tó ń rìn jìnnà), 1310nm (irú iná tó ń lò). Ìyẹn ni pé fáíbà single mode ni, èyí tí ọ̀nà iná inú ẹ̀ tín-ín-rín gan-an, OS2 ni wọ́n ń pè é, 9/125 ni ìwọ̀n dígí ẹ̀, aláwọ̀ yẹ́lò. Ká ní SR ni mo bá níbẹ̀, irú tí kì í rìn jìnnà, 850nm, OM3 tàbí OM4 ni ǹ bá rà, àwọn tí ọ̀nà iná inú wọn fẹ̀. Ẹ má fojú díwọ̀n ẹ̀ rárá, nítorí ìkan ò lè ṣiṣẹ́ èkejì.

Mẹ́rin ni lìǹkì tí mo fẹ́, ìkọ̀ọ̀kan ń jẹ fáíbà méjì, ọ̀kan tó ń rán, ọ̀kan tó ń gbà, ó di mẹ́jọ. Méjìlá ni mo ní kí àwọn tó ń ṣe é fi sínú wáyà kan, kí mẹ́rin wà nílẹ̀ de ọjọ́ mìíràn, torí pé wàhálà pé ká tún padà wọ àjà lọ fa wáyà ju owó fáíbà mẹ́rin lọ.

Gígùn wáyà ni mo fara balẹ̀ sí jù. Wáyà tí wọ́n ti fi orí sí láti ilé iṣẹ́, ẹ ò lè gé e, tó bá kúrú ẹ ò lè so ó. Tó bá jẹ́ pé ìwé ilé ni mo wò ni, mítà 35 ni ǹ bá kọ. Okùn ni mo mú, èmi àti ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nà án gba gbogbo ibi tí wáyà máa gbà, gbogbo kọ̀rọ̀, gbogbo ibi tó ti máa sọ̀kalẹ̀ wọ inú rack (àpótí irin tí ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì wà), ó jẹ́ 47. Mo ní kí wọ́n ṣe 55.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bèèrè, ibi tí irin yẹn parí sí. Lẹ́nu wáyà níbi tó ti pín sí ẹsẹ̀ méjìlá, àwọn ẹsẹ̀ yẹn ò ní irin lára nínú irú tí mo rà, torí ẹ̀ mo ní kí ẹsẹ̀ jẹ́ mítà kan péré kó lè wà nínú rack tán pátá. Mo tún ní kí rọ́bà ẹ̀ jẹ́ LSZH, torí èèyàn ń jókòó lábẹ́ àjà yẹn, tí iná bá sì ṣẹlẹ̀, èéfín rẹ̀ máa kéré.

Mo kọ gbogbo ẹ̀ sórí bébà kan: OS2, fáíbà 12, orí LC/UPC lójú méjèèjì (LC ni irú orí ẹ̀, UPC ni bí ojú orí náà ṣe rí), mítà 55, ojú ìfà (ibi tí wọ́n ń so okùn mọ́ láti fi fà á) ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ti wọn páìpù tí wáyà máa gbà kọjá, íńṣì méjì ni, kí orí wáyà má lọ há síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ó dé, mo ṣí páálí, orí aláwọ̀ ewé ni mo rí. APC nìyẹn, irú ojú mìíràn! Búlúù ni UPC. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní "ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ ṣáà kì í bọ̀ ọ́." Lóòótọ́ ó máa wọlé, àmọ́ ojú APC dàgẹ̀rẹ̀ ní dígíríì 8, ti UPC tẹ́jú, tí wọ́n bá pàdé àlàfo máa wà láàárín wọn, iná máa ṣòfò, ojú dígí sì lè bàjẹ́. Bébà yẹn ló gbà mí, UPC ni mo kọ síbẹ̀ gbàgàdà, wọ́n gbà á padà wọ́n pààrọ̀ ẹ̀.

Èyí tó dé lẹ́yìn náà bá ìwé àyẹ̀wò wá, kò sí orí kan tí iná tó ń ṣòfò níbẹ̀ ju 0.3 dB lọ (dB ni wọ́n fi ń wọn ọ́n), bẹ́ẹ̀ ìlànà TIA, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún iṣẹ́ wáyà, gbà tó 0.75 níbi tí orí méjì bá ti pàdé. Ojú ìfà yẹn ni a so okùn mọ́ láti fi fà á, a ò fa ẹsẹ̀ kankan. Mo nu gbogbo orí kí n tó tì wọ́n bọlé, mo tan léésà pupa sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá iná ń dé òdìkejì, ọmọ yẹn dúró lókè ó ń ké "ó yọ! ó yọ!", mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó fi bébà gba iná náà, kó má fojú wo ẹnu ẹ̀ láé.

Lóṣù tó kọjá mo tún gun àjà. Eyín ti wà lára rọ́bà ẹ̀ níbi méjì, irin ń dán lábẹ́ ẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì ò sì mì. Mo wé tépù mọ́ ọn, mo sì fi símẹ́ǹtì dí ihò tí àwọn eku ń gbà wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù.