Abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn: bí a ṣe ń gba acupuncture nígbà àkọ́kọ́

Bí a bá ti dárúkọ abẹ́rẹ́, ara ọ̀pọ̀ èèyàn á ti máa gbọ̀n. Ẹ fọkàn balẹ̀. Acupuncture ni ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gún ara; abẹ́rẹ́ náà kò ní ihò, kò sì ní oògùn nínú. Ó lé ní 2,000 ọdún tí àwọn ará Ṣáínà ti ń fi í wo àìsàn.

Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe yín, torí ìrora lè lọ kí ohun tó ń fà á ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá lóyún, tàbí ẹ̀ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ ọ́. Ẹ jẹun díẹ̀ pẹ̀lú, kí òòyì má baà kọ́ yín.

Bí ẹ bá débẹ̀, oníṣègùn náà á bi yín bí ẹ ṣe ń sùn, á wo ahọ́n yín, á sì di ọrùn ọwọ́ yín mú láti mọ bí iṣan ṣe ń lù. Qi ló ń wá, ìyẹn agbára tí àwọn àgbà Ṣáínà gbà pé ó ń gba ipa ọ̀nà pàtàkì 12 ṣàn nínú ara. Wọ́n ní ibi tó bá dí ni àìsàn ti ń wá, abẹ́rẹ́ á sì là á. Ìdí nìyẹn tí orí fi lè máa fọ́ yín, kó jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n á gún, láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e.

Ojú yín ni kí wọ́n ti ya ọ̀rá abẹ́rẹ́ tuntun. Bí wọn ò bá gbà, ẹ dìde.

Bó bá wọlé, ibẹ̀ lè wúwo tàbí kó máa ro yín díẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá ta yín bí iná mànàmáná, ẹ pariwo. Ẹ ó dùbúlẹ̀ bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú; àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń sùn lọ.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tú ara wò, wọn ò rí ipa ọ̀nà Qi kankan. Ohun tí wọ́n rí ni pé abẹ́rẹ́ ń ta iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ jí, ọpọlọ á sì tú endorphin jáde, èròjà ara tó ń pa ìrora. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò, àwọn tí wọ́n gún níbi tí kò yẹ náà ń rí ìtura, nígbà mìíràn kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ojúlówó. Ní tèmi, mo lè gbìyànjú rẹ̀ fún ẹ̀yìn tàbí orúnkún tó ti ń dunni pẹ́. Fún jẹjẹrẹ, rárá o.

Bí wọ́n bá yọ abẹ́rẹ́ tán, ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó dìde. Ẹ̀jẹ̀ bíńtín kì í ṣe nǹkan. Àmọ́ bí wọ́n bá gún yín láyà tàbí ẹ̀yìn, tí mímí wá ń ni yín lára, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ tààrà: ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ lè kan ẹ̀dọ̀fóró.