Bí a ṣe ń fi yẹ̀pẹ̀ pupa tẹ búlọ́ọ̀kù ilé

Yẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó ra sìmẹ́ǹtì. Ẹ kó ilẹ̀dú òkè kúrò, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 2. Gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì dì. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀ sínú ìgò dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ fi omi kún un, ẹ ju iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, erùpẹ̀ kúnná á tẹ̀ lé e, amọ̀ á wà lókè. Èyí tó dára ni kí yanrìn tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí amọ̀ sì tó bí ìdá kan nínú márùn-ún. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, búlọ́ọ̀kù á sán. Bó bá kéré jù, etí rẹ̀ á máa ya.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kan àpótí pákó tí gígùn inú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 24, tí ìbú àti jíjìn rẹ̀ jẹ́ ínṣì 1½. Ẹ fi epo pa inú rẹ̀, ẹ ki yẹ̀pẹ̀ tútù sí i dáadáa, kí ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ 3. Ẹ tì í sí ìpẹ̀kun kan, kí ẹ wọn àlàfo tó kù. Bí kò bá ju ínṣì ½ lọ, òṣùwọ̀n sìmẹ́ǹtì 1 sí yẹ̀pẹ̀ 18 ni. Tó bá dé ínṣì 1, 16. Ínṣì 1½, 14. Ínṣì 2, 12. Bó bá ju ìyẹn lọ, ẹ má wulẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì kún un. Yanrìn ni kí ẹ pò mọ́ ọn, kí ẹ tún un wọ̀n. Ìṣirò yìí bá CINVA-Ram mu, ẹ̀rọ afọwọ́tẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Kòlòńbíà ní àwọn ọdún 1950.

Ẹ fi asẹ́ olójú ínṣì ¼ jọ yẹ̀pẹ̀, ẹ pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì ní gbígbẹ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dọ́gba, kí ẹ tó wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń bà á jẹ́, torí wọ́n fẹ́ kó rọ̀ bíi kankéré. Ẹ fún un mọ́wọ́ kó di òkìtì kékeré, kí ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti ibi tó ga tó èjìká sórí ilẹ̀ líle. Bó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, omi rẹ̀ pé. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ti pọ̀ jù. Bó bá tú ká bí ìyẹ̀fun, kò tíì tó. Èyí tí ẹ lè tẹ̀ tán láàárín wákàtí kan péré ni kí ẹ máa po omi mọ́.

Bí ẹ bá ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ to búlọ́ọ̀kù síbi òjìji, ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7. Oòrùn tó bá tètè gba omi ara rẹ̀ ti gba agbára rẹ̀ náà. Ó di ọjọ́ 28 kí ẹ tó fi mọlé. Kó tó dìgbà náà, ẹ rẹ ọ̀kan sínú omi mọ́jú: bí àtàǹpàkò bá lè họ ara rẹ̀, ẹ fi kún sìmẹ́ǹtì èyí tó kù láti tẹ̀.

Ẹ fi òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì gbé ìdí ògiri ga kúrò nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kí páànù sì yọ kọjá ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Ìdí ògiri, níbi tí òjò ti ń ta padà láti ilẹ̀, ni ilé oníyẹ̀pẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ jẹ.