Bí mo ṣe wá ẹ̀rí lórí egbò tí ojú kì í tètè rí: ìrírí mi ní láíbìrì ọsibítù

Gìgísẹ̀ ìyá kan ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Jàmáíkà ni ìyá náà, àgbàlagbà ni wọ́n, awọ ara wọn dúdú minimini, wọ́n sì ti wà lórí ibùsùn fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà. Nígbà tí èmi àti ẹnì kejì mi fẹ́ yí wọn sí ẹ̀gbẹ́, mo gbé ẹsẹ̀ òsì wọn sókè, ẹ̀yìn ọwọ́ mi sì kan gìgísẹ̀. Ó gbóná ju ti ọ̀tún lọ, ó sì rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Ojú kò rí nǹkan kan. Mo tan iná, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, n kò rí ìyàtọ̀. Fọ́ọ̀mù tó wà níwájú mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé awọ ara ibẹ̀ ti pupa? Kò pupa. Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ibẹ̀ ti di àwọ̀ elésè àlùkò, ó sì ti bó. Egbò ibùsùn ni, irú tó máa ń yọ sí ara ẹni tó bá pẹ́ ní ìdùbúlẹ̀ lójú kan.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ọwọ́ mi ti mọ̀, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kò bi mí ní ohun tí ọwọ́ mi mọ̀, èmi náà kò sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ní àríwá Ẹńgíláǹdì. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, mo sì ti ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún mélòó kan kí n tó wá. Mo lọ bá ọ̀gá wọ́ọ̀dù wa, mo ròyìn fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi títí, wọ́n ní àwọn gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n a kò lè torí ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan tún fọ́ọ̀mù ọsibítù ṣe. Wọ́n ní kí n lọ wá ẹ̀rí wá.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo jókòó ti fóònù mi, mo tẹ “bedsore black skin” sí Google. Ìpolówó tìmùtìmù ló kún ibẹ̀, àti ti àwọn lọ́yà tó fẹ́ bá èèyàn pe ọsibítù lẹ́jọ́. Àwọn ìwé ìwádìí tó dà bíi pé wọ́n á wúlò, ìpínrọ̀ kan péré ni wọ́n fi hàn mí, wọ́n ní kí n sanwó kí n tó rí ìyókù. Mo fi fóònù sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ jẹ́ ará Ọ̀ṣun, tí wọ́n ti pẹ́ ní ọsibítù yìí jù mí lọ, ló bi mí níbi tí a ti ń jẹun pé, “Àbúrò, ṣé o ò tíì dé láíbìrì ni?” Mo ní, “Láíbìrì wo, ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé kì í ṣe ti àwọn dókítà ni?” Wọ́n ní ti gbogbo òṣìṣẹ́ ni: nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, akọ̀wé, títí kan àwọn tó ń tún ilẹ̀ ṣe. Ẹ̀yìn ibi tí a jókòó sí náà ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti fi kọjá níwájú rẹ̀. Káàdì tí mo gbé kọ́ ọrùn ló ń ṣí i, tọ̀sán-tòru.

Òyìnbó ni ìyá tó ń bójú tó ibẹ̀. Orúkọ wọn ni gbogbo èèyàn ń pè, ṣùgbọ́n wọ́n ti tó ìyá mi, ẹnu mi kò gbà á. “Ma” ni mò ń pè wọ́n, wọ́n sì ń jẹ́ mi. Wọ́n kọ́kọ́ bá mi ṣí àkáǹtì kan tí wọ́n ń pè ní OpenAthens. Pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni, òun ló sì ń ṣí ilẹ̀kùn àwọn ìwé tí NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ti sanwó fún, mo sì lè lò ó láti ilé. Díẹ̀ lára àwọn ìwé tí wọ́n ní kí n sanwó fún lóru ọjọ́sí ṣí lójú mi kí n tó dìde lórí àga.

Mo rò pé kọ̀ǹpútà la ó kàn. Rárá o. Ma mú bébà kan, wọ́n fi ìlà pín in sí mẹ́rin. Ta ni aláìsàn tí ò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Kí lo fẹ́ ṣe fún un? Kí lo fẹ́ fi wé e? Kí lo fẹ́ kó tibẹ̀ jáde? PICO ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí, mo sì ti gbọ́ ọ rí nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ ìwúlò rẹ̀ títí di ọjọ́ náà. “Egbò lára aláwọ̀ dúdú” tí mo gbé wá, àkọlé ni, kì í ṣe ìbéèrè. Nígbà tí a máa fi kọ ọ́ tán, ó ti di báyìí: fún àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú tó wà lórí ibùsùn, ṣé fífi ọwọ́ yẹ ooru àti líle awọ ara wò ń jẹ́ ká tètè mọ̀ pé egbò ń bọ̀, ju kí a kàn máa fi ojú wá pupa lọ?

Lẹ́yìn èyí la wá bọ́ sórí orúkọ, ibẹ̀ la sì pẹ́ sí jù. Ma ní kí n ka gbogbo orúkọ tí mo mọ̀ tí wọ́n ń pe egbò yìí. Mo ka bedsore, pressure sore, pressure ulcer. Wọ́n fi pressure injury kún un, torí pé ní 2016 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yí “ulcer” padà sí “injury”, nítorí pé ara lè ti bàjẹ́ kí awọ tó ṣí. Wọ́n tún fi decubitus kún un, orúkọ tó wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí kí èèyàn dùbúlẹ̀. Òun làwọn ará Netherlands ṣì ń lò, Dekubitus ni ti àwọn ará Jámánì, àwọn Faransé sì ń pè é ní escarre. Egbò kan náà ni o. Ẹni tó bá fi orúkọ kan ṣoṣo wá a, yóò fi iṣẹ́ ìlú mélòó kan sílẹ̀ láìmọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ ara. Àwọn kan kọ “skin tone”, àwọn kan “skin pigmentation”, àwọn kan “dark skin”, àwọn ará Amẹ́ríkà sì máa ń kọ “African American”, kò sì sí ẹni tó máa pe ìyá ará Jàmáíkà bẹ́ẹ̀ níbí.

Ma wá fi MeSH hàn mí, àwọn àmì tí National Library of Medicine ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1960 láti fi to ìwé ìwádìí. Orúkọ yòówù kí òǹkọ̀wé fi pe nǹkan, àmì kan náà ni wọ́n máa fi sí i. Bí ìsọ̀ alátà ṣe rí lọ́jà ló ṣe rí lójú mi: ì báà jẹ́ rodo, ì báà jẹ́ ṣọ̀ǹbọ̀, ìlà kan náà ni wọ́n jókòó sí. Ṣùgbọ́n Ma kìlọ̀ pé ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè má tíì gba àmì, nítorí náà àmì àti ọ̀rọ̀ lásán ni kí n jọ lò.

Ìgbà yìí ni ọwọ́ mi tó kan kọ̀ǹpútà. OR ló ń kó gbogbo orúkọ nǹkan kan jọ sójú kan. AND ló ń mú ibi tí nǹkan méjì ti pàdé. Mo fi AND sáàárín bedsore àti decubitus, kọ̀ǹpútà kò sì fún mi ju ìwé mélòó kan lọ, torí pé àwọn tó lo orúkọ méjèèjì pọ̀ nìkan ló kó wá. Mo yí i sí OR, ìwé wá ya lulẹ̀. Mo tún kọ́ pé bí mo bá tẹ “pigment*”, ìràwọ̀ kékeré yẹn á mú pigmented àti pigmentation wá pẹ̀lú.

Ibi mẹ́rin la wá dé, àkójọ ìwé ìwádìí lórí kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn. Medline la kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà Embase, tó ti inú iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Amsterdam lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì jáde, tó sì máa ń ní ìwé Yúróòpù tí Medline kò ní. CINAHL la kàn, èyí tó jẹ́ ti àwa nọ́ọ̀sì gan-an, a sì fi Cochrane Library parí rẹ̀. Mo fẹ́ dúró lórí Medline nígbà tó ti rẹ̀ mí. Ma kò gbà. Ibi tí mo ti rí ìwé tó wúlò fún mi jù, CINAHL ni.

Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi ka àkọlé, tí mo ń yọ eyí tí kò kàn mí kúrò. Iṣẹ́ yìí ń súni, kò sì sí bí a ṣe lè yẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ní wọ́ọ̀dù wa ní òun á ràn mí lọ́wọ́, ó ní kí ẹ̀rọ tó ń báni sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó ìwé mẹ́wàá jọ fún mi. Èmi àti Ma wá wọn. Méjì nínú wọn kò sí níbì kankan: àkọlé wà, orúkọ òǹkọ̀wé wà, ìwé kò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ má fi irú rẹ̀ sí iwájú aláìsàn láìjẹ́ pé ẹ rí ìwé náà fúnra yín.

Ìwé kan wà tí mo nílò, tí ọsibítù wa kò sanwó fún. Ma kọ fọ́ọ̀mù kan, wọ́n ní kí n máa lọ ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ti wà nínú ímeèlì mi, láíbìrì ọsibítù mìíràn ló fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé wọn kò ní in ni, a ò bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ British Library ní Boston Spa, ní Yorkshire. Ibẹ̀ ni Ma ti sọ fún mi nípa EAHIL, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì ìlera ní Yúróòpù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987. Ma ní àwọn ní ojúlùmọ̀ níbẹ̀ ní ìlú tí àwọn kò tíì dé rí, tó jẹ́ pé bí ìwé kan bá ṣòro, àwọn á kọ̀wé sí wọn.

Mo béèrè lọ́wọ́ Ma pé èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, èmi ni mo mọ ara aláìsàn. Àwọn ìbéèrè CASP ni wọ́n fún mi, èyí tí a fi ń yẹ ìwé ìwádìí wò bóyá ó ṣe é gbára lé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Oxford ní 1993: èèyàn mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò? Irú èèyàn wo? Báwo ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n? Mo fi ka àwọn ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí mo kà, aláwọ̀ dúdú kò tó nǹkan.

Ohun tí mo rí nìyí. Ìpele kìíní egbò yìí, àní orúkọ rẹ̀ gan-an, orí pupa ni wọ́n gbé e kà. Erythema ni wọ́n ń pè é, Gíríìkì ni, pupa ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bó o bá fi ìka tẹ ibẹ̀ tí kò funfun, egbò ti ń bọ̀. Lára aláwọ̀ dúdú, pupa náà lè má hàn, fífunfun náà lè má hàn. Ìyẹn ni pé ìpele àkọ́kọ́, tí ìwòsàn rọrùn jù, lè kọjá lára tiwa kí ẹnikẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ìlànà àgbáyé ti 2019, tí ẹgbẹ́ ti Yúróòpù tó ń jẹ́ EPUAP, ti Amẹ́ríkà àti ti agbègbè Pàsífíìkì jọ ṣe, sọ ọ́ kedere: fún awọ dúdú, kí a fi ooru awọ ara àti omi tó wà lábẹ́ awọ kún ohun tí a ń yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ wà fún ti omi náà, wọ́ọ̀dù wa kò ní in. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọwọ́ ò wọ́n. Nígbà tí mo ń ka ìyẹn, omi bọ́ lójú mi.

Ma tún mú ìwé kan wá tí n kò béèrè: ní oṣù Kejìlá 2020, àwọn dókítà ní Michigan kọ ọ́ sínú New England Journal of Medicine pé ẹ̀rọ tí a ń fi há ìka láti wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ ń tàsé àìtó atẹ́gùn lára àwọn aláìsàn dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Mo fi í sẹ́yìn ìwé tí mo ń kọ fún ọ̀gá wọ́ọ̀dù, kí àwọn dókítà lè rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti gìgísẹ̀ nìkan.

Ojú ewé kan ni gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà dà. Mo kọ ìbéèrè wa sí òkè, àwọn ibi tí a wá a dé àti ọjọ́ tí a wá a, ohun tí a rí, àti ibi tí ẹ̀rí náà ti fẹ́lẹ́. Ọ̀gá wọ́ọ̀dù kà á, wọ́n gbé e lọ síwájú àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ egbò. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, mo sì ní èsì, torí pé Ma ti bi mí ní púpọ̀ nínú wọn ṣáájú.

Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn pẹ̀lú. Ó ní òun kò ní OpenAthens. Mo ní kó lọ sí PubMed, ibi tí èèyàn ti lè wá ìwé ìwádìí ìlera, tó ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé láti 1997, àti Europe PMC, tí wọ́n ń bójú tó ní Hinxton lẹ́bàá Cambridge, tó ní odindi ìwé tí èèyàn lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kó sì béèrè lọ́wọ́ láíbìrì ilé ẹ̀kọ́ wa bóyá wọ́n ní Hinari, ètò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 2002 kí àwọn ìlú tí kò lówó púpọ̀ lè rí ìwé ìlera kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Ó béèrè. Wọ́n ní in.

Fọ́ọ̀mù tuntun dé wọ́ọ̀dù wa ní oṣù tó tẹ̀ lé e, fún ìdánwò. Lábẹ́ ìbéèrè nípa pupa, wọ́n ti fi méjì kún un: ṣé ibẹ̀ gbóná tàbí tutù ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, ṣé ó le tàbí ó rọ̀ jù? Ní alẹ́ kejì tí a lò ó, mo bá baba kan ará Gánà tí gìgísẹ̀ wọn ọ̀tún gbóná. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọ aago sí i, mo sì ki ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun wọn kí gìgísẹ̀ má bàa kan ibùsùn.