Bí Ctrl Kò Bá Jẹ́ Iṣẹ́ Tí Ẹ Rán An

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìẹ ní Gwagwalada, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Kubwa, àti ẹ̀yin òbí tí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo wà nílé yín, ẹ má tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ní Wuse. Bí Ctrl, bọ́tìnnì kíbọọ̀dù tí a máa ń tẹ pọ̀ mọ́ òmíràn láti fi pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, bá ń ṣe ségesège, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹnì kan ló yí iṣẹ́ bọ́tìnnì padà, bóyá láìmọ̀.

Bí ẹ bá tẹ A tí àwọ̀ sì bo gbogbo àkọsílẹ̀ oúnjẹ adìẹ yín lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí ẹ yí táyà máòsì tí lẹ́tà ń tóbi tó tún ń kéré, Ctrl ti há nìyẹn: kọ̀ǹpútà rò pé ẹ ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má tíì tẹ lẹ́tà kankan, torí bí Ctrl bá jáwọ́ lójijì, lẹ́tà kan ṣoṣo lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tẹ Ctrl ọwọ́ òsì àti ti ọ̀tún, kí ẹ sì jù wọ́n sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi máòsì tẹ ibòmíràn kí àwọ̀ yẹn kúrò. Bí kò bá lọ, ẹ wo Sticky Keys, ètò Windows tó ń jẹ́ kí Ctrl ṣiṣẹ́ bíi pé ẹ ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti jù ú sílẹ̀. Nítorí ẹni tí kò lè tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹ Shift lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, Windows á béèrè bóyá kí òun tan án. Ọmọ tó ń gbá géèmù á ní bẹ́ẹ̀ ni, kó ṣáà lè ráyè ṣeré. Nínú Windows 11, Settings, Accessibility, Keyboard lẹ ti máa pa á.

Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ mìíràn ni Ctrl ń jẹ́, ẹ fi máòsì ṣí Start, kẹ́ ẹ kọ osk síbẹ̀. Ọ̀nà kúkúrú kan wà, àmọ́ Ctrl wà nínú rẹ̀, a kì í sì í rán aláìsàn níṣẹ́. Àwòrán kíbọọ̀dù á yọ. Ẹ wá tẹ Ctrl gan-an, kẹ́ ẹ wo èyí tó tan lórí àwòrán. Bó bá jẹ́ Caps Lock ló tan, ẹnì kan ti pààrọ̀ wọn. Láyé àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ A ni Ctrl wà lórí ọ̀pọ̀ kíbọọ̀dù, àwọn tó ń kọ prógíráàmù sì ṣì ń dá a padà síbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá PowerToys, áàpù Microsoft tó lè yí iṣẹ́ bọ́tìnnì padà, wà lórí ẹ̀rọ náà, kẹ́ ẹ pa ìpààrọ̀ tó wà nínú Keyboard Manager rẹ̀ rẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó lè jẹ́ inú Registry, ibi tí Windows ń kó ètò rẹ̀ pamọ́ sí, ló wà. Èmi ò ní jẹ́ kí ẹni tó kàn wo fídíò kan fọwọ́ kan ibẹ̀.

Tòkunbọ̀ ló máa ń fa wàhálà jù. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ThinkPad, Fn, bọ́tìnnì tó ń yí iṣẹ́ àwọn bọ́tìnnì mìíràn padà, ló wà ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, Ctrl ló tẹ̀ lé e, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ sì lè ti pààrọ̀ wọn nínú BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé. Kí wọ́n fọ́ọ̀mátì Windows lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní kúrò, torí inú Windows kọ́ ló wà. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ tan án, kẹ́ ẹ máa tẹ F1, kẹ́ ẹ wá Fn and Ctrl Key swap. Èyí tó bá wá láti Jámánì, Strg ni wọ́n kọ sára Ctrl rẹ̀, Z àti Y sì gba ipò ara wọn. Bí ẹ bá tẹ Ctrl àti Z tí àṣìṣe kò sì padà, ohun tó fà á nìyẹn. Ẹ tún èdè kíbọọ̀dù yàn nínú Time & language nínú Settings.

Tí bọ́tìnnì kankan kò bá tan lórí àwòrán, ẹ fura sí eruku ọyẹ́. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ṣájà, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á wọlé. Bí kò bá tún jí, ẹ ki kíbọọ̀dù USB bọ̀ ọ́. Bí Ctrl ti USB bá ṣiṣẹ́, kíbọọ̀dù ẹ̀rọ náà ló kú lóòótọ́. Ẹ lè máa lo ti USB lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ ṣí osk lójú yín kó tó tú u.