Bí a ṣe ń ka wákàtí iṣẹ́ àwọn tó ń ṣètò ìtànṣán fún jẹjẹrẹ

Ẹ má fi iye aláìsàn tó ń dé orí ẹ̀rọ lójúmọ́ díwọ̀n iṣẹ́ àwọn tó ń ṣètò ìtànṣán. Jẹjẹrẹ ọyàn tí à ń fún ní 50 Gy (gray, òṣùwọ̀n ìtànṣán tí ara gbà) nígbà 25 ti di 40 Gy nígbà 15 ní ọ̀pọ̀ ibi. Níbòmíràn, 26 Gy nígbà 5 péré ni. Ara tu ẹ̀rọ, àmọ́ ètò aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìlànà bí ìtànṣán yóò ṣe dé ara rẹ̀, kò dín. Ètò ni kí ẹ máa kà.

Ẹ ya ìwé kan sọ́tọ̀ fún ètò kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ àkókò ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí fún ṣíṣe ìbòjú (tó ń di orí aláìsàn mú kó má mì) àti àwòrán CT (tó ń fi inú ara hàn ní ìpele-ìpele), fífa ìlà yí kókó àti àwọn ẹ̀yà ara tó wà nítòsí ká, ìṣirò ìtànṣán, àyẹ̀wò ẹlòmíràn, àti wíwọn ètò lórí ẹ̀rọ. Òpó méjì ni kó ní: àkókò tí ọwọ́ fi wà lẹ́nu iṣẹ́, àti èyí tí fáìlì fi wà nílẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣírò tí òṣìṣẹ́ ti mú fáìlì mìíràn, òpó kejì ló ni ín. Ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n kọ ọ́. Èyí tí wọ́n bá fi dọjọ́ Ẹtì, ìméfò ni.

Ẹ má pa ètò pọ̀. 8 Gy ẹ̀ẹ̀kan fún ìrora egungun kò jọ jẹjẹrẹ ọ̀fun tó ń gba 70 Gy nígbà 35. Àwòrán ọ̀fun máa ń jẹ́ ìpele mílímítà 2 sí 3, dókítà yóò sì fa ìlà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: kókó náà, ibi tí itọ́ ti ń sun, egungun àgbọ̀n, mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ gan-an ni fáìlì sábà máa ń há sí.

Ẹ ka àtúnṣe lọ́tọ̀, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀. Aláìsàn lè rù, kí ìbòjú tú mọ́ ọn lójú. Àpò ìtọ̀ lè má kún bíi ti ọjọ́ CT. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Èyí tí dókítà yí ìlà padà lẹ́yìn ìṣirò ni kí ẹ dí: kí ẹnikẹ́ni má ṣírò láìsí ìbuwọ́lù lórí ìlà.

Wàyí o, wákàtí 40 lọ́nà ọ̀sẹ̀ 52 jẹ́ 2,080. Ẹ yọ ìsinmi, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìpàdé àti àyẹ̀wò ẹ̀rọ kúrò. Ká ní ó ku 1,000. Ètò líle 200 tó ń gba wákàtí 8 jẹ́ 1,600. Ènìyàn 2 nìyẹn. Bí ìṣirò bá tilẹ̀ ní ẹnì 1 tó, 2 náà lẹ máa gbà, torí ẹni tó ṣe ètò kò gbọdọ̀ dá yẹ̀ ẹ́ wò.